Lẹ́tà sí Kúnlé: kọ́míìkì olójú ewé mẹ́jọ lórí olè WhatsApp

Kúnlé ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù ọ̀hún o. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn sí kọ́míìkì tí o fẹ́ ṣe fún àwọn àgbà ẹgbẹ́ yín ní Manchester lórí àwọn tó ń jí WhatsApp oníwhatsApp gbà. Ìwọ náà ti wà lẹ́nu iṣẹ́ SOC báyìí, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ lọ́wọ́ olè, nítorí náà mi ò ní máa là á bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Ohun àkọ́kọ́ rè é: ohunkóhun tó bá ti wọnú àwòrán, òǹkàwé kan á dán an wò. Nọ́ńbà tí o bá kọ, wọ́n á pè é. Líǹkì tí o bá kọ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́.

Má hùmọ̀ nọ́ńbà láti orí ara rẹ, ó lè ti jẹ́ ti ẹnìkan. Níbi tí o wà, Ofcom, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù níbẹ̀, ti ya 07700 900000 títí dé 07700 900999 sọ́tọ̀ fún eré àti fíìmù. Mú ọ̀kan níbẹ̀. Bí olè tó ń pè bá ń lo nọ́ńbà Nàìjíríà, jẹ́ kí àtàǹpàkò ẹni tó di fóònù mú bo márùn-ún tó gbẹ̀yìn. Fún líǹkì, example.com tàbí èyí tó bá parí sí .example, láti 1999 ni wọ́n ti fi wọ́n pamọ́ fún irú iṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó lè rà wọ́n. Bí o bá nílò IP, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń mọ kọ̀ǹpútà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mú un láàárín 192.0.2.0 sí 192.0.2.255. QR code ló máa ń tan àwọn ayàwòrán jẹ jù. Wọ́n á da ojúlówó kọ, wọ́n á bà á jẹ́ díẹ̀, wọ́n á rò pé ó ti kú. Kò kú o! Òmíràn wà tí wọ́n ṣe tó jẹ́ pé bí 30% rẹ̀ bàjẹ́, yóò ṣì ṣiṣẹ́. Àwọn onígun mẹ́rin ńlá mẹ́ta tó wà ní igun rẹ̀ ni kí o bò.

Ìtàn náà ńkọ́? Má bẹ̀rẹ̀ láti orí àwòrán. Kọ ọ́ bí a ṣe ń kọ ìjábọ̀ lẹ́nu iṣẹ́: aago, ẹni tó ṣe nǹkan, ohun tó hàn lójú fóònù. Aago 10:02, ọ̀rọ̀ wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ìyá inú ìtàn mọ̀ nínú ẹgbẹ́, tí WhatsApp tirẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ olè: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ṣèèṣì fi kóòdù mi ránṣẹ́ sórí fóònù yín.” 10:03, SMS dé, kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà, torí olè ti tẹ nọ́ńbà ìyá sínú WhatsApp. 10:04, ìyá fi í ránṣẹ́. 10:05, WhatsApp lé e jáde. Àárín 10:03 sí 10:04 ni gbogbo iṣẹ́ wà, má sáré kọjá níbẹ̀. Fún un ní àpótí àwòrán mẹ́rin ó kéré tán. SMS náà fúnra rẹ̀ sọ pé kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni ní kóòdù. Ya gbólóhùn yẹn gàdàgbà, kí o ya ìyá tó ń wá gíláàsì ojú rẹ̀ kiri. Jọ̀ọ́, má ya olè tó de húùdù mọ́rí nínú òkùnkùn. Ohùn ọmọlúàbí ni àwọn àgbà ń gbọ́.

Bébà A4 méjì tí a ká sí méjì, tí a gún ní pín-ín-nì láàárín, á fún ọ ní ojú ewé 8 ìwọ̀n A5. Ojú ewé 4 ni kí WhatsApp ti lé e jáde, torí òǹkàwé ní láti ṣí ewé kó tó rí i. Fa férémù A4 sínú bébà A3, kí àwòrán lè kọjá etí, nítorí pé wọ́n á gé 3mm kúrò. Kí ọ̀rọ̀ sì jìnnà sí etí ní 5mm. Lẹ́tà 14 point á di bíi 10 nígbà tí wọ́n bá dín A4 náà kù sí A5 láti tẹ̀ ẹ́. Má lọ sísàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, àgbà ló fẹ́ kà á.

Àmì ohùn ló máa fojú rẹ rí nǹkan. Ọ̀pọ̀ font (irú lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà) kọ́míìkì, lẹ́tà ńlá nìkan ni wọ́n ní, wọn ò sì mọ Ẹ́ tàbí Ọ̀. Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, fún ẹ ní ààyè tirẹ̀, kò fún ẹ́. Ẹ àti àmì òkè ni a ń so pọ̀. Bí font kò bá mọ̀ ọ́n so, àmì á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Font tó ń jẹ́ Andika kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Fi àyè sáàárín ìlà, bíi 140% ìwọ̀n lẹ́tà, kí àmì ìsàlẹ̀ má baà forí gbá àmì òkè.

Àmì ìsàlẹ̀ yẹn kan náà ni àwọn olè ń lò. Wọ́n á fi ẹ rọ́pò e nínú àdírẹ́sì báǹkì, áàpù á fa ìlà sábẹ́ líǹkì, ìlà á bo àmì mọ́lẹ̀. Yà á lẹ́ẹ̀mejì, ìkejì lábẹ́ awò tó sọ ọ́ di ńlá. Browser kan á yí àdírẹ́sì náà padà sí èyí tó ní xn-- kí o lè fura, òmíràn ò ní fi hàn, nítorí náà má ṣèlérí pé browser á gbà wọ́n.

Ojú ewé 6 àti 7 ni àtúnṣe. Kí ìyá tún nọ́ńbà rẹ̀ fi sínú WhatsApp, kó tẹ kóòdù tuntun tó bá wọlé. Lójú ẹsẹ̀ ni olè á jáde. Bí WhatsApp bá béèrè PIN tí ìyá kò fi sí i, olè ló fi sí i. Ìyá á dúró fún ọjọ́ 7 kó tó lè wọlé láìsí PIN yẹn, ṣùgbọ́n olè ti jáde ná. Kọ èyí kedere, torí ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń sọ̀rètí nù. Ojú ewé 8: Settings, Account, Two-step verification, kí wọ́n fi PIN onínọ́ńbà mẹ́fà tiwọn síbẹ̀.

Ohun tí o rí níbi iṣẹ́, má fi sí i, bó ti wù kó dùn tó. Yíyí orúkọ padà kò tó. Ọjọ́, iye owó àti bí nǹkan ṣe tẹ̀lé ara ni àwọn tó wà níbẹ̀ á fi dá a mọ̀. Ọ̀sẹ̀ tí ṣíìfù òru bá kàn ọ́, ọ̀rọ̀ nìkan ni kí o máa kọ, torí ó ṣeé dá dúró bí alert bá dún. Tàdáwà kì í dúró deni.

Fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi kí o tó fi tàdáwà kàn án. Fi í ránṣẹ́ bíi document, torí bí o bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò, WhatsApp á fún un pọ̀, mi ò sì ní rí àmì kankan kà. Bá mi kí ìyàwó.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Délé