Àjíkẹ́, Wá Ilẹ̀ Díẹ̀ Ro

Ìbàdàn,
Oṣù Kẹrin.

Àjíkẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o, ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́hùn-ún. Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ìbejì kékeré yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń lọ sílé ìwé? Àlàáfíà la wà níbí. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, iná sì ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ǹ bá fi ohùn dá ọ lóhùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn, o sì mọ̀ mí, tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sínú fóònù, ibi tí mò ń lọ kọ́ ni mo máa ń dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

O ní dókítà yín ní jíjókòó rẹ ti pọ̀ jù. O ní orúnkún rẹ ń dún tó o bá fẹ́ dìde, pé ọmọ rẹ sanwó jíìmù fún ọ, o débẹ̀, orin ń pariwo, àwọn ọmọdé tó wọ aṣọ pénpé ń sáré lórí ẹ̀rọ tí kò gbé wọn débì kan, lo bá gba ilé lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mi ò dá ọ lẹ́bi. Ẹni tó bá wù kó sáré lójú kan, kó máa sáré. Ní tèmi, iṣẹ́ tí mo bá làágùn lé lórí, mo fẹ́ rí nǹkan mú wálé níbẹ̀.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kó o wá ilẹ̀ díẹ̀, kó o máa gbin nǹkan, bí kò tiẹ̀ ju ike ńlá mélòó kan lẹ́yìn ilé lọ. Kì í ṣe torí ẹ̀fọ́ nìkan. Jíìmù ò ní bá ọ jà tó o bá pa á tì, wọ́n á kàn máa gba owó wọn lóṣooṣù ni. Tẹ̀tẹ̀ tó o gbìn ò ní gbà fún ọ. Tó o bá pa á tì fún ọjọ́ mẹ́ta nínú oòrùn, á rọ, wàá sì rí i láti ojú fèrèsé. Ohun tó ń gbé mi dìde láàárọ̀ tí ara mi bá kọ̀ nìyẹn, torí mo mọ ara mi, tó bá jẹ́ pé kí n kàn rìn yí àdúgbò ká ni, ọjọ́ tó bá ti ṣú báyìí, mo ti rí àwáwí.

Iṣẹ́ oko kò kúkú ṣàjèjì sí wa. Ṣé o rántí ọdún 1976, tí Ọbásanjọ́ gbé Operation Feed the Nation dé, pé kí gbogbo wa máa gbin oúnjẹ? Tíṣà tuntun ni wá, ọmọge ni wá. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan ló ní ebè tirẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé wa, ìwọ lo sì máa ń gba ọkọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ pé ebè tí wọ́n kọ ò tọ́. Wàá kọ ebè tán, wàá fọwọ́ nu ojú, wàá wọ kíláàsì lọ kọ́ wọn ní ìṣirò. Orúnkún wo ló ń dún nígbà yẹn?

Jẹ́ kí n sọ bí òwúrọ̀ mi ṣe ń rí. Mo máa ń jáde kí oòrùn tó mú, bí agogo mẹ́fà ààbọ̀. Màá kọ́kọ́ rìn láàárín àwọn ebè, kí n wo ohun tí tata jẹ mọ́jú. Poro tó wà láàárín wọn kò fẹ̀. O ní láti máa gbé ẹsẹ̀ kan síwájú èkejì gẹ́lẹ́, tó o bá ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ báyìí, orí ẹ̀fọ́ lo máa bà lé. Ó ya èmi náà lẹ́nu nígbà tí mo mọ̀ pé ohun tí àwọn tó ń tọ́jú iṣan àti eegun ń kọ́ àgbàlagbà gan-an nìyẹn, kí wọ́n máa fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn lórí ìlà kí wọ́n má baà máa ṣubú. Ìṣubú yẹn ló sì ń já mi láyà jù nínú ọ̀rọ̀ ogbó. Ara ríro ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mélòó nínú àwọn ẹgbẹ́ wa ló yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, tí egungun ìbàdí dá, tí wọn ò tún fẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde mọ́?

Lẹ́yìn ìyẹn, omi ló kàn. Mi ò gbé garawa tó kún bámúbámú. Ike méjì ni mo máa ń bu omi dé ìdajì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí ara lè dọ́gba. Garawa kan ṣoṣo tó wúwo lọ́wọ́ kan, ẹ̀yìn ló máa gbà á. Mò ń lọ, mò ń bọ̀ láti ìdí kànga, kí n tó bomi rin gbogbo ẹ̀ tán, èémí mi á ti yára díẹ̀, àmọ́ mo ṣì lè dá ẹni tó kí mi lórí fẹ́ǹsì lóhùn. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde lọ́dún 2020, wọ́n ní ẹni tó bá ti tó ọdún 65 sókè kó máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ tó ń mú èémí yára bẹ́ẹ̀, kó sì máa ṣe èyí tó ń fún iṣan lágbára, tó tún ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ rinlẹ̀, ó kéré tán ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ṣírò ẹ̀ wò. Ìdajì wákàtí láàárọ̀, lọ́jọ́ márùn-ún péré, o ti bọ́ sínú ẹ̀.

Títu koríko ni mo fẹ́ràn jù. Àpótí kékeré ni mò ń lò, torí orúnkún mi ò gba kí n lóṣòó pẹ́ mọ́ bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ṣe. Màá jókòó, màá tu gbogbo ibi tí ọwọ́ mi bá dé, màá dìde, màá gbé àpótí síwájú, màá tún jókòó. Wo iye ìgbà tí mo máa dìde kí n tó dé òpin ebè kan! Nọ́ọ̀sì ní ọsibítù wa máa ń ní kí á jókòó lórí àga, kí á ká apá mọ́ àyà, kí á dìde láìdi nǹkan mú. Tẹ́lẹ̀, àfi kí n fọwọ́ ti itan. Ní báyìí, mò ń dìde bí ẹni tí wọ́n pè láti gba ìjókòó iwájú níbi ìnáwó.

Mi ò ní parọ́ fún ọ pé ọkọ́ ti wo ẹ̀jẹ̀ ríru mi sàn. Mo ṣì ń lo oògùn mi láràárọ̀, ìwọ náà ò gbọ́dọ̀ fi tìrẹ sílẹ̀. Kódà, oògùn yẹn ni mo ṣe fẹ́ kìlọ̀ fún ọ. Ẹni tó ń lò ó, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́, tó wá ṣàdédé fò dìde, òòyì lè kọ́ ọ. Máa di nǹkan mú, dìde díẹ̀díẹ̀, dúró ná kó o tó gbẹ́sẹ̀. Má sì ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo pẹ́. Tó o bá tu koríko fúngbà díẹ̀, lọ bomi, tó o bá bomi tán, wá ibi jókòó já ewé. Àwọn tó ń sọ pé oko ba ẹ̀yìn àwọn jẹ́, àwọn tó fi Sátidé kan ṣoṣo ro iṣẹ́ oṣù kan ló pọ̀ nínú wọn. Ọkọ́ tí igi rẹ̀ gùn ni kó o rà, èyí tó o máa nàró lò. Ọkọ́ tiwa tó kúrú yìí dára, àmọ́ ẹ̀yìn ẹni ogún ọdún ni wọ́n ṣe é fún.

Ọmọ mi tó wà ní Àbújá ní òun máa gba ẹnìkan tí á máa bá mi ro ó. Mo ní ó ṣeun. Ọkùnrin náà wá, ó ṣán igbó, ó kọ ebè, mo fún un lówó ẹ̀, ó lọ. Ìyẹn dáa, ilẹ̀ tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ti sè le kì í ṣe iṣẹ́ ẹni àádọ́rin ọdún. Àmọ́ omi, koríko àti ìkórè, tèmi ni, mi ò gbé e fún ẹnì kankan. Àwọn ọmọ wa fẹ́ràn wa, Àjíkẹ́, ìfẹ́ yẹn náà ló sì ń mú wa jókòó. “Ẹ fi sílẹ̀, Màámi.” “Ẹ jókòó, Màámi, a máa gbé e.” Ẹni tí wọ́n bá ń bá gbé gbogbo nǹkan, ó ń bọ̀ wá dọjọ́ kan tí ife omi tirẹ̀ máa wúwo lọ́wọ́ ẹ̀. Tó o bá ti rí ilẹ̀ gbà, sọ fún ọmọ rẹ kó wá bá ọ gbé àpò ilẹ̀ àti pákó, kó máa lọ síbi iṣẹ́ ẹ̀.

Ewúrẹ́ aládùúgbò ni wàhálà wa níbí. Ó já ọgbà wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó jẹ ṣọkọ mi kan ìdí. Mo lé e dé òpópónà. Bàbá àwọn ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ó dáa, jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ibi tó o wà. Mo mọ̀ pé káńsù yín níbẹ̀ máa ń fún àwọn ará àdúgbò ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní allotment. Òfin ẹ̀ ti wà láti ọdún 1908, owó tí wọ́n ń gbà lọ́dún kì í sì í sábà pọ̀. Odindi ẹyọ kan jẹ́ nǹkan bíi 250 square metres, bíi mítà mẹ́wàá níbùú, mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lóòró, ìyẹn ti pọ̀ jù fún ọ. Ìdajì ni kó o bèèrè, ìdajì ọ̀hún gan-an, kó o máa fi ibi kan sílẹ̀ ná. Àwọn tó ń dúró dè é pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, torí náà ní kí ọmọ rẹ kọ orúkọ rẹ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kó o sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilé nígbà tó o bá ń retí wọn. Kí wọ́n fi pákó kan àpótí gbọọrọ tó ga dé ìbàdí fún ọ, kí wọ́n kó ilẹ̀ sínú ẹ̀. Ìdúró lo máa fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, orúnkún rẹ ò ní í bá ọ jà.

Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ata rodo, ó máa ń pẹ́, á sì sú ọ. Tẹ̀tẹ̀ ni kó o gbìn. Kò ní ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún lọ kó o tó máa já a tí ooru bá ti wà. Àwọn ará Jàmáíkà tó wà lọ́dọ̀ yín ń gbin tiwọn, callaloo ni wọ́n ń pè é. Tó o bá rí ìyá àgbà kan lára wọn lórí allotment, mú un lọ́rẹ̀ẹ́, ó máa mọ ìgbà tí òtútù yín máa ń lọ tán ju èmi lọ. Po irúgbìn ẹ̀ mọ́ yanrìn gbígbẹ kó o tó fọ́n ọn, torí ó kéré débi pé gbogbo ẹ̀ lè já sójú kan.

Ewédú náà ṣeé gbìn níbẹ̀, àmọ́ ó fẹ́ ooru. Inú ilé, lẹ́bàá fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀, ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, má gbé e síta kó tó di oṣù Kẹfà. Àwọn ará Íjíbítì ń jẹ ẹ́ dáadáa, molokhia ni wọ́n ń kọ sára àpò irúgbìn ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn Lárúbáwá. Tó o bá kàn fọ́n ọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ò ní í hù. Di irúgbìn náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́. Gbé omi kaná, tó bá ti hó, sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ri aṣọ náà bọ inú ẹ̀, ka ení, èjì, ẹ̀ta dé ẹ̀wá, yọ ọ́ kíá, tẹ́ ẹ sórí bébà kó gbẹ. Ìyá mi máa ń ṣe é, mi ò sì bi í léèrè ìdí ẹ̀ rí. Aládùúgbò wa kan tó fẹ̀yìn tì ní NIHORT, ibi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí ẹ̀fọ́ àti èso ní Ìdí-Ìṣin níbí, ló ṣàlàyé fún mi pé èèpo irúgbìn náà le, omi ò lè ráyè wọ inú ẹ̀, omi gbígbóná yẹn ló ń ṣílẹ̀kùn fún un. Tó o bá wá ń kórè, má fà á tu o. Gé e ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sókè ilẹ̀, á tún rúwé.

Mi ò ní fi irúgbìn ránṣẹ́ sí ọ, torí wọn kì í jẹ́ kéèyàn kó o wọ̀lú ọba láìsí ìwé àyẹ̀wò. Àmọ́ ìwọ lè fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi. Tí ọmọ rẹ bá ń bọ̀ nílé ní Kérésìmesì, bá mi ra ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà, èyí tí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ jẹ́ rọ́bà tí ẹ̀yìn ẹ̀ sì jẹ́ aṣọ. Èyí tí wọ́n ń tà níbí, ti ọkùnrin ni, ọwọ́ mi ń yọ nínú ẹ̀. Kékeré ni kó o rà. Má sì ra èyí tó ní òdòdó lára, mi ò fẹ́ kí Bàbá àwọn ọmọ tún rí nǹkan fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Kó tó dìgbà náà, jáde sẹ́yìn ilé yín lọ́la, kó o wo ibi tí oòrùn máa ń wà láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kó o kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ibẹ̀ la ti máa mọ ibi tí wọ́n á gbé àpótí náà sí.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni tìrẹ,
Àṣàkẹ́