Ẹ bá mi sọ fáwọn tó ń ṣe géèmù tánkì

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbàlagbà lèmi àmọ́ mo máa ń gbá géèmù tánkì lórí fóònù, ẹ má rẹ́rìn-ín. Máàpù wọn ti sú mi, pápá gbalasa ṣáá, kéèyàn máa yìnbọn látòkèèrè. Kí wọ́n gbé Ortona wọlé jàre, ìlú etíkun kan ní Ítálì, ibẹ̀ làwọn sójà Kánádà àti ti Jámánì ti ja àjàkú akátá ní December 1943, ọjọ́ 20 sí 28, kódà wọn ò sinmi lọ́jọ́ Kérésì. Àwọn Jámánì wó ilé dí àwọn ojú ọ̀nà kéékèèké, wọ́n wá ṣí títì Corso Vittorio Emanuele sílẹ̀ kí tánkì Sherman tàwọn Kánádà lè gbabẹ̀ kó sí pàkúté. Àwọn Kánádà náà ò ya dìndìnrìn, ògiri ni wọ́n ń fi bọ́ǹbù lu, wọ́n á ti yàrá ilé kan bọ́ sí tilé kejì láìfẹsẹ̀ kan títì. Ẹ wò ó ná, kí tánkì yín há sáàárín òkìtì bíríkì, kò ríbi yí ẹnu ìbọn sí, kẹ́nì kan wá yọjú lójú fèrèsé òkè! Tánkì àwọn Jámánì ò pọ̀ níbẹ̀ ṣá, torí náà kí wọ́n fún wọn ní ìbọn tó ń fọ́ tánkì àti bọ́ǹbù abẹ́lẹ̀ dáadáa.

Èmi òǹkàwé yín, Ìbàdàn.