Kọ̀ǹpútà fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ oko Ìbàdàn

Sí Olóòtú,

Láti ọdún 2015 ni àjọ JAMB ti ń fi kọ̀ǹpútà nìkan ṣe ìdánwò àṣewọlé yunifásítì; ní báyìí, ìbéèrè 180 ni láàárín wákàtí 2. Ọmọ Bódìjà tó ti ń fi kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀ ṣeré láti kékeré á jókòó ti ọmọ oko láti Ìdó tàbí Ọ̀nà-Àrà, tó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò gan-an ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan máòsì. Ta ni àkókò máa tán mọ́ lọ́wọ́?

Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 11 tó wà n'Ìbàdàn, 6 ni ti ìgbèríko. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣàánú àwọn ọmọ ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ já kọ̀ǹpútà sílẹ̀, kẹ́ ẹ ya fọ́tò, kẹ́ ẹ máa lọ. Sólà lè bójú tó ọ̀rọ̀ iná. Íntánẹ́ẹ̀tì ò tilẹ̀ pọn dandan: Kiwix, ètò orí kọ̀ǹpútà kan, ń jẹ́ kéèyàn ka Wikipedia, títí kan ti Yorùbá, láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Olùkọ́ lọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí olùkọ́ bá ń bẹ̀rù, inú páálí ló máa gbó sí. Kí wọ́n kọ́ olùkọ́ méjì ní ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan nígbà ìsinmi, kí ẹ̀rọ kankan tó dé, káwọn agùnbánirọ̀ tó mọ̀ ọ́n lò sì máa ràn wọ́n lọ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà náà, ọwọ́ àwọn olùkọ́ yìí ni kó wà, kì í ṣe ọwọ́ ọ̀gá tó ń ti ìgboro bọ̀ nígbà tó bá wù ú.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òbí kan, Mọ́níyà, Ìbàdàn