Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tí Ẹ Ń Gun Kẹ̀kẹ́ ní Èkó, Lórí Tátù Tí Aṣọ Kò Bò

Ẹ̀yin ọmọ mi lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé kẹ̀kẹ́ ológeere jáde ní ìdájí Sátidé àti Sọ́ńdè kí ọkọ̀ tó gba ojú títì,

Mo kí yín, ẹ kú ewu ọ̀nà. Èmi náà ti gun kẹ̀kẹ́ ní ìlú yìí kí ọ̀pọ̀ nínú yín tó dáyé, mo sì ṣì máa ń gùn ún láti Súúrùlérè dé Yaba nígbà tí eékún bá gbà fún mi. Bóyá nítorí èyí ni àwọn kan nínú yín ṣe gbé ẹjọ́ tátù wá sí iwájú mi. Àwọn kan ní ara àwọn ni, ohun tí ó bá wu àwọn ni àwọn yóò yà sí i. Àwọn kan ní bí ènìyàn mẹ́ta péré bá ya tátù sí ẹsẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kan, gbogbo ẹgbẹ́ náà ni àwọn ará àdúgbò yóò máa pè ní ọmọ ìta. Àwọn kẹta wà tí wọn kò kọ tátù, ṣùgbọ́n tí wọ́n fẹ́ kí ó wà ní ibi tí aṣọ yóò ti bò ó. Inú ìwé kan ṣoṣo ni mo fẹ́ dá gbogbo yín lóhùn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ohun tí mo sọ fún òun yàtọ̀ sí ohun tí mo sọ fún ẹnìkejì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ ju bí ó ṣe kan àwọn ẹlòmíràn lọ. Òṣìṣẹ́ báǹkì lè ní tátù láti èjìká dé ìgúnpá, kí ọ̀gá rẹ̀ má sì mọ̀ títí yóò fi fẹ̀yìn tì, nítorí pé ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn ti bò ó. Ní tiyín, ṣòkòtò tí ó mọ ní itan àti ẹ̀wù alápá kúkúrú ni ẹ ń wọ̀ sáàárín ìgboro. Ẹ̀yìn ojúgun sì ni mo ti ń rí àmì tí ẹ fẹ́ràn jù, ìyẹn àwòrán irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé lórí, ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, níbi tí gírísì ṣéènì máa ń tẹ àmì tirẹ̀ sí nígbà tí ẹsẹ̀ bá gbá a. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ mọ ohun tí ó dúró fún, ṣùgbọ́n ìyá tí ó jókòó sínú dánfó lẹ́yìn yín lórí Third Mainland Bridge kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé àṣà òyìnbó ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra. Kí òyìnbó tó gbé ẹ̀rọ tátù dé rárá ni àwọn olóòlà ti ń kọ àbàjà, pélé àti gọ̀ǹbọ́ sí ojú àwọn baba wa, wọ́n sì ń fín ara fún àwọn ìyá wa ní apá, ní ẹ̀yìn àti ní itan, wọ́n á fi abẹ gé e, wọ́n á sì fi èédú ra ojú ọgbẹ́ náà. Àwọn ìyá àgbà wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí ènìyàn ka orúkọ ara wọn tàbí ti ọkọ wọn ní apá wọn. Kò sí ẹni tí ó pè wọ́n ní ọmọ ìta. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ bá ọ̀rẹ́ yín wí, ẹ wá ẹjọ́ mìíràn rò, nítorí èyí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Síbẹ̀, ìyàtọ̀ kan wà tí ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ya tátù kò fẹ́ gbọ́. Ìdílé ni ó ń kọ ilà fún ọmọ. Bí ogun bá kó ọmọ lọ, ilà ojú rẹ̀ yóò sọ ilé tí ó ti wá, àwọn tí wọ́n kọ ọ́ fún un kò sì ní sẹ́ ẹ láéláé. Ta ni yóò dúró ti tátù tiyín bẹ́ẹ̀? Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín ti ń gbèrò pé gbogbo ẹni tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ dé Ẹ̀pẹ́ tàbí Bàdágírì tí ó sì gùn ún padà ni yóò ya àmì kan náà sí ẹsẹ̀, wọ́n sì ti ń pe àwọn tí kò gbà ní ojo. Èyí ni ó bà mí nínú jẹ́ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹgbẹ́ tí ń gun kẹ̀kẹ́ dára, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí i tí ó tú ká lọ́pọ̀ ìgbà: ẹnìkan rí iṣẹ́ ní Àbújá, ẹnìkan jápa lọ sí Kánádà, àwọn méjì bá ara wọn jà nítorí owó àjọ. Àwọ̀ ara yín yóò ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àmì ẹgbẹ́ tí kò sí mọ́. Ẹni tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ dé Ẹ̀pẹ́ ti gùn ún dé Ẹ̀pẹ́, bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ tàbí kò mọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi tátù díwọ̀n ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ gidi.

Kí ni ó ń mú tátù dúró títí bẹ́ẹ̀? Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ tátù ń gbé tadà, ìyẹn íńkì rẹ̀, kọjá àwọ̀ òkè tí ó máa ń ṣí kúrò lára wa, ó ń gbé e sínú àwọ̀ ìsàlẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ara wa, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń dáàbò bo ara, yóò gbé tadà náà mì, wọn kò sì ní lè gbé e lọ sí ibikíbi. Bí èyí tí ó gbé e mì bá kú, òmíràn yóò gbé e mì ní ipò rẹ̀. Ẹ̀rọ ìtànṣán lésà wà tí ó lè fọ́ tadà náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń ṣe é, owó rẹ̀ pọ̀, ó sì ṣòro fún àwọ̀ dúdú bíi tiwa, nítorí pé ó lè bó àwọ̀ ara náà mọ́ tadà kí ó sì sọ ojú ibẹ̀ di funfun. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Àwa aláwọ̀ dúdú ni àpá máa ń wú sí lára jù. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ ya tátù kọ́kọ́ wo ojú àpá tí ó ti ní tẹ́lẹ̀, ibi tí wọ́n ti lu etí rẹ̀ tàbí ibi tí ó ti ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ tí títì sì bó o lára. Bí ibẹ̀ bá ti wú tí ó sì le, kí ó má ṣe jẹ́ kí abẹ́rẹ́ tátù kan òun rárá. Tadà pupa ni ó sì máa ń bá ara ènìyàn jà jù nínú gbogbo àwọ̀ tí wọ́n ń lò.

Ní ti ẹni tí yóò ya á, ẹ má ṣe lọ bá ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tí ó fi ń ya gbogbo ẹni tí ó bá dé. Àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B àti C àti kòkòrò HIV lè gba ojú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ wọlé. Ti B ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ lọ gbà á; ti C kò ní. Ojú yín ni kí ó ti já ọ̀rá abẹ́rẹ́ tuntun, kí ó wọ ìbọ̀wọ́, kí ó sì da tadà sínú ife kékeré tí kò tíì lò fún ẹlòmíràn. Bí ó bá ń bínú pé ẹ ń bi òun ní ìbéèrè, ẹ dìde. Ẹ fi í sọ́kàn pẹ̀lú pé ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ya tátù kò ní lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún aláìsàn fún oṣù mélòó kan.

Títa ríro ni à ń kọlà, bí ó bá jinná tán a di oge. Ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ kì í fẹ́ dúró kí ó jinná. Ó máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kí ojú ọgbẹ́ náà tó pa dé, oòrùn kò sì gbọdọ̀ pa á ní gbogbo àkókò yẹn, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ tí ó lẹ̀ mọ́ ara kò gbọdọ̀ máa fi gbá a. Ẹ ro ohun tí ó wà lójú títì wa nínú oṣù Kẹfà àti oṣù Keje, omi dúdú tí táyà ń ta sí ẹ̀yìn ojúgun láti Ọjọ́ta dé Maryland, tí ó ti gba inú gọ́tà àti epo ọkọ̀ kọjá. Ẹni tí ó bá gbé ọgbẹ́ tuntun gba inú omi yẹn ń wá ọ̀ràn. Bí ẹ bá máa ṣe é, ẹ ṣe é ní ìgbà ẹ̀rùn, kí ẹ sì gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ títí yóò fi jinná. Lẹ́yìn èyí, ẹ máa fi ìpara tí ń dènà oòrùn pa á, nítorí oòrùn máa ń mú kí ó ṣá.

Àwọn olùwádìí kan ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà sọ ní ọdún 2017 pé ibi tí tátù wà lára ń làágùn ní nǹkan bí ìdajì ohun tí ibi tí kò sí tátù ń là. Ìwádìí mìíràn tí ó tẹ̀lé e kò rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi kò rò pé tátù kékeré lè pa ẹnikẹ́ni lára nínú ooru Èkó, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ bo gbogbo ẹsẹ̀ àti gbogbo apá yẹ kí ó ro ó.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ti ọlọ́pàá. Ẹ máa ń dárúkọ Bradley Wiggins, ará Gẹ̀ẹ́sì, fún mi, pé òun ni ó gba ìdíje kẹ̀kẹ́ Tour de France ní ọdún 2012, pé tátù wà ní apá rẹ̀, síbẹ̀ tí ìlú rẹ̀ fi oyè Sir dá a lọ́lá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀nà Ìkòròdú ni ó ń gbà lọ sílé. Ẹ̀yin fúnra yín mọ ohun tí SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n ní ó ń gbógun ti àwọn adigunjalè, fi ojú ọ̀dọ́ rí. Nínú oṣù Kẹfà ọdún 2020, Amnesty International, àjọ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, gbé ìròyìn jáde lórí ìṣẹ̀lẹ̀ ìyà àti ìpànìyàn 82 láti ọwọ́ SARS tí wọ́n kọ sílẹ̀ láàárín ọdún 2017 sí 2020, wọ́n sì sọ pé àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n dá dàda, tí wọ́n ya tátù, tàbí tí wọ́n ní nǹkan olówó iyebíye lọ́wọ́ ni wọ́n ń mú jù. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún náà ni ọ̀gá ọlọ́pàá kéde pé àwọn tú SARS ká. Èmi kò ní sọ fún yín láé pé tátù ni ó fa ìyà tí wọ́n fi jẹ yín. Ẹni tí ó fi ìyà jẹ aláìṣẹ̀ ni ó jẹ̀bi, ó sì yẹ kí ó dáhùn níwájú òfin. Ṣùgbọ́n bàbá ni mo jẹ́. Mo mọ̀ pé orúkọ ni wọ́n yí padà, ojú tí àwọn kan nínú wọn fi ń wo ọmọ tí ó ní tátù kò tíì yí. Kẹ̀kẹ́ tí ẹ ń gùn lówó lórí, ìdájí ni ẹ ń jáde, ẹsẹ̀ yín sì wà níta. Ẹ má ṣe dá jáde, ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ àti ìwé tí ẹ fi ra kẹ̀kẹ́ dání, bóyá ẹ ní tátù tàbí ẹ kò ní.

Iṣẹ́ náà ńkọ́? Àwọn ilé iṣẹ́ kan kò bìkítà mọ́, pàápàá àwọn tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yaba. Ṣùgbọ́n bí Iléeṣẹ́ Ológun bá ń gba ènìyàn, wọ́n máa ń kọ ọ́ kedere pé àwọn kò fẹ́ ẹni tí ó ní tátù. Kí ẹni tí ó bá ń ro iṣẹ́ yẹn má ṣe ya ohunkóhun.

Ní ti ẹ̀sìn, àwọn Kristẹni yín ń ka Léfítíkù 19:28, tí ó ní kí a má ṣe fín àmì sí ara, fún ara wọn, àwọn kan sì ń fi Àìsáyà 49:16, níbi tí Ọlọ́run ti ní òun fín àwọn ènìyàn òun sí àtẹ́lẹwọ́ òun, dá wọn lóhùn. Àwọn Mùsùlùmí mọ ohun tí hadíìsì sọ nípa ẹni tí ń fín ara. Ẹ lọ bi pásítọ̀ tàbí ààfáà yín. Èmi kọ́ ni yóò dá ẹjọ́ ìyẹn.

Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 nínú yín, kí ó má ṣe dá sí ọ̀rọ̀ yìí rárá. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, ní abala 24, sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya tátù sí ara ọmọdé tàbí kọ ọ́ ní ilà. Ìpínlẹ̀ Èkó ti sọ òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé di tirẹ̀ láti ọdún 2007. Mo ń sọ èyí fún ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, nítorí pé ẹ̀yin ni àwọn kékeré ń wò.

Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn gbogbo èyí, ọkàn rẹ ṣì wà níbẹ̀, èmi kò ní bá ọ jà. Ya á sórí ìwé, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri yàrá rẹ, kí ó wà níbẹ̀ fún odidi ọdún kan. Bí ó bá ṣì wù ọ́ nígbà náà, ya á sí òkè itan tàbí èjìká, kí ó jẹ́ pé ìwọ ni yóò máa yan ẹni tí yóò rí i. Má ṣe yà á sí ọrùn, má ṣe yà á sí ẹ̀yìn ọwọ́, má sì yà á sí ojú.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ní tátù lẹ́sẹ̀, ẹ kò di ẹni ìtìjú lójú mi. Ẹ jókòó tì mí nígbàkígbà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lé yín sẹ́yìn nínú fọ́tò ẹgbẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò sì tíì sọ nílé, mo ní kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún ìyá yín kí ó tó rí i lórí WhatsApp láti ọwọ́ ẹlòmíràn. Bí ó bá bínú, ẹ jẹ́ kí ó bínú tán, ẹ má sì dá a lóhùn.

Èmi ni,
Bàbá yín ní Súúrùlérè.