Ẹ Mú Àwọn Ìyá Wa Dé Oko Àdúgbò ní Lọ́ńdọ̀nù

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òǹkàwé yín nílé lóko. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé síta kan àwọn ìdílé Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, pàápàá àwọn ìyá tó ń ti Nàìjíríà wá bá ọmọ wọn tọ́jú ọmọ tuntun.

Ẹni tó bá ti gbé ní Peckham tàbí Thamesmead mọ bí ayé àwọn ìyá wọ̀nyí ṣe máa ń rí. Bí ọkọ bá ti jáde, tí ìyàwó náà sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ìyá àgbà nìkan ni yóò kù pẹ̀lú ìkókó nínú fúláàtì tó wà lókè téńté, láìsí ẹni tí yóò bá a tàkúrọ̀sọ, láìsí àgbàlá tó lè gbé àpótí sí kó jókòó. Obìnrin tó ń sin ewúrẹ́, tó ń sin adìẹ, tí ará ilé àti ará àdúgbò ń wá kí láràárọ̀ nílé, ni yóò wá máa wo ojú fèrèsé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìdánìkanwà yìí ti di àìsàn sí àwọn kan lára, ó sì dùn mí, nítorí oko àdúgbò, ìyẹn oko tí wọ́n ti ń sin ẹran ọ̀sìn tí ará ìlú lè wá wò, wà ní ìlú yìí tí ẹnikẹ́ni kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni kó tó wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó wà ní Mudchute ṣe àpẹẹrẹ. Isle of Dogs ló wà, ní apá ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ilẹ̀ rẹ̀ sì tó éékà 32. Ẹrẹ̀ tí wọ́n ń wà láti inú èbúté Millwall ní ọ̀rúndún 19 ni wọ́n ń dà síbẹ̀ títí ó fi di òkìtì, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n gbé ìbọn ńlá sí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì láti fi já bàálù ọ̀tá lulẹ̀. Ní 1974, ìjọba Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ kọ́ ilé gogoro sórí rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò kọ̀ jálẹ̀, wọ́n jà fún un títí wọ́n fi borí, nígbà tó sì di 1977 wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí yóò máa tọ́jú ilẹ̀ náà. Èyí ni mo máa ń rántí nígbàkúùgbà tí mo bá rí àgùntàn, màlúù, ewúrẹ́ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń jẹko níbẹ̀, tí ilé àwọn báńkì ńlá ní Canary Wharf sì yọ gedegbe lẹ́yìn wọn. Kì í ṣe ọlọ́rọ̀ ló fi ilẹ̀ yẹn ta wọ́n lọ́rẹ.

Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé ìgbélùú lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè èdè tí ènìyàn ń sọ. Ìyá tó ti Bangladesh wá àti ìyá tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá lè jókòó síbì kan náà, kí àwọn ọmọ wọn máa sáré kiri. Ìyá wa tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ ìfọṣọ nínú ilé ọmọ rẹ̀ yóò wá di ẹni tó mọ̀ jù lọ níbẹ̀: òun ni yóò wo ikùn ewúrẹ́ tí yóò ní oyún inú rẹ̀ ti gbó, òun ni yóò sọ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ ohun tí àgbébọ̀ ń wá kiri tó fi ń ké bẹ́ẹ̀. Èdè Yorùbá tí à ń lọ́ mọ́ àwọn ọmọ wa lẹ́nu ní tipátipá ń wọlé sí wọn lára wẹ́rẹ́ nígbà tí ẹran tí à ń dárúkọ bá wà níwájú wọn.

Àwọn tó wà ní Peckham kò tilẹ̀ nílò kí wọ́n sọdá odò. Surrey Docks Farm, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1975, wà ní Rotherhithe létí odò Thames, ọ̀fẹ́ sì ni òun náà. Ẹ sáà rí i pé àwọn ọmọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá fọwọ́ kan ẹran, kí aboyún sì jìnnà pátápátá sí àgùntàn tó ń bímọ, nítorí àwọn dókítà kìlọ̀ pé ó lè ṣe oyún inú rẹ̀ ní jàǹbá.

Ẹ̀bẹ̀ mi wá sọ́dọ̀ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tó wà níbí. Ọkọ̀ tí a fi ń kó ènìyàn lọ sóde àríyá, ẹ jẹ́ ká fi kó àwọn ìyá wọ̀nyí àti ọmọ-ọmọ wọn lọ sí oko, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ká má sì lọ lọ́wọ́ òfo. Owó ìtọrẹ àti àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn ṣiṣẹ́ wà lára ohun tí irú oko bẹ́ẹ̀ gbójú lé, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ ẹran kì í ṣe ọ̀fẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ wa lè lọ bá wọn kó ìgbẹ́ ẹran ní Sátidé. Oṣù Kẹta àti Ìkẹrin, nígbà tí òtútù bá ń rọlẹ̀ tí ọmọ àgùntàn sì pọ̀, ni ó dára jù láti bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan ní Peckham, Lọ́ńdọ̀nù.