Wá ìjọ tí yóò máa béèrè rẹ: lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi ní Ìlú Ọba

Ìbàdàn.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ẹ kú òtútù, ẹ kú àjò, Ọlọ́run yóò máa fi ojú rere wo iṣẹ́ ọwọ́ yín níbẹ̀. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà nílé, àwọn òbí rẹ náà sì ń ṣe dáadáa.

Mo ti ka lẹ́tà rẹ, apá tí o ti sọ̀rọ̀ nípa ìjọ ni mo sì fẹ́ dáhùn, nítorí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. O ní láti ìgbà tí ẹ ti dé ọ̀hún, orí fóònù ni ẹ ti ń bá ìjọ wa jọ́sìn ní ọjọ́ Ìsinmi, pé báńkì ni o ń gbà fi ìdámẹ́wàá rẹ ránṣẹ́, àti pé níwọ̀n ìgbà tí Ọ̀gá Ògo kì í gbé inú ilé tí a fi ọwọ́ kọ́, o kò rí ìdí tí o fi ní láti forúkọ sílẹ̀ ní ìjọ kankan níbẹ̀. O tún ṣàlàyé pé ara àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ kọ́kọ́ lọ bá jọ́sìn kò yá mọ́ yín, àti pé ìjọ àwọn ará wa tí ẹ lọ lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n fi pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí o gúnlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà sí ni n kò lè bá ọ dé.

Ìwàásù lè dé ọ̀dọ̀ rẹ lórí fóònù, orin àti àdúrà náà lè dé, n kò sì kẹ́gàn rẹ̀. Ní ọdún 2020, nígbà tí ìjọba ti ìlú pa nítorí àrùn kòrónà, tí Èkó àti Ògùn wà ní títì láti ọjọ́ 30 oṣù kẹta, tí àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn náà sì ti ilé ìsìn, orí fóònù ni èmi àti ará ilé mi ti gbọ́ ìwàásù Àjíǹde, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ohun tí fóònù kò lè ṣe ni kí ó mọ̀ pé o kò wá. Bí àìsàn bá dá ọ dùbúlẹ̀ fún oṣù kan gbáko, ìsìn yóò máa lọ lórí ẹ̀rọ, ẹnikẹ́ni kò ní fura. Bí o bá sì ń tọ ọ̀nà tí ó lè tú ilé rẹ ká, kò sí ẹni tí ó lè fà ọ́ sẹ́yìn, nítorí o kò fi ara rẹ fún ẹnikẹ́ni. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni jíjẹ́ ọmọ ìjọ wà: pé àwọn ènìyàn kan wà tí mo ti fún ní ẹ̀tọ́ láti máa béèrè mi àti láti bá mi wí, tí èmi náà sì jẹ wọ́n ní gbèsè irú rẹ̀.

Tún wo Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kejì. Lẹ́yìn tí nǹkan bí 3,000 ọkàn ti ṣe ìrìbọmi, a kà pé wọ́n dúró ṣinṣin nínú ẹ̀kọ́ àwọn àpọ́sítélì, àti ní ìdàpọ̀, ní bíbu àkàrà àti nínú àdúrà. Ẹ̀kọ́ nìkan ni fóònù gbé dé ọ̀dọ̀ rẹ láìkù síbì kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí ó di orí kẹfà, kíkùn bẹ̀rẹ̀ nítorí pé wọ́n ń gbàgbé àwọn opó Hélénì, ìyẹn àwọn Júù tí ń sọ èdè Gíríìkì, nínú ìpín-fúnni ojoojúmọ́. Mo bẹ̀ ọ́, ronú sí i: a kò lè sọ pé a gbàgbé ẹnì kan bí a kò bá kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ara wa. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù sì kọ̀wé sí Tímótíù, ó là á lẹ́sẹẹsẹ irú opó tí a lè kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, pé kí ó má dín ní 60 ọdún. Orúkọ tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ nígbà náà, orúkọ ẹni tí ìjọ yóò máa bọ́ ni, kì í ṣe ti ẹni tí ó jẹ ìjọ lówó.

Èyí ni ó mú mi rántí bí ètò kíláàsì tí gbogbo wa bá nínú ìjọ, ìyẹn pípín ọmọ ìjọ sí ẹgbẹ́ kéékèèké tí aṣáájú kan ń bójú tó, ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1742, gbèsè ilé ìsìn wọ àwọn ọmọ ẹ̀yìn John Wesley, olùdásílẹ̀ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, lọ́rùn ní ìlú Bristol. Ọ̀gákọ̀ kan dá a lábàá pé kí olúkúlùkù máa dá pẹ́nì kan lọ́sẹ̀ títí gbèsè náà yóò fi tán. Ẹlòmíràn ní àwọn tálákà kò ní lè san án. Ọ̀gákọ̀ náà ní kí wọ́n kó mọ́kànlá nínú àwọn tí ó tálákà jù fún òun, òun yóò máa tọ̀ wọ́n lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èyí tí kò bá sì rí owó san nínú wọn, òun yóò san án fún un. Bí àwọn aṣáájú ṣe wá ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn láti gba pẹ́nì, wọ́n ń rí ẹni tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń jà, wọ́n ń bá ẹlòmíràn nínú ọtí, Wesley sì rí i pé ìtọ́jú ọkàn tí òun ti ń wá ni ó dé yìí. Owó ni wọ́n bá lọ, ènìyàn ni wọ́n bá bọ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, míṣọ́nnárì Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sì mú ètò náà wọ ilẹ̀ wa. Àwọn ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Yorùbá náà gbà á lò.

Ọ̀nà tí wọ́n tọ̀ lọ yẹn ni ọ̀pọ̀ wa ti fi ẹ̀yìn rìn padà, ó sì dùn mí wọra. Ìyá àgbà opó kan wà ní àdúgbò wa tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ fún ọdún mélòó kan kí ó tó kú. Aṣáájú kíláàsì rẹ̀ kò tẹ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní gbogbo àsìkò náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó gbé Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa lọ bá a lórí ibùsùn. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ wá sọ fún ìjọ pé ìyá ti kú ni wọ́n tó ṣí ìwé, tí wọ́n ka gbèsè owó kíláàsì àti ti ìkórè fún wọn lọ́dọọdún, tí wọ́n sì ní bí wọn kò bá san án, agogo kò ní dún, òkú kò sì ní wọ ilé Ọlọ́run. Ìjọ náà mọ iye tí ìyá náà jẹ, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ pé ó ń ṣàìsàn. Bí o bá ní irú èyí ni ó lé ọ sẹ́yìn, n kò ní bá ọ jiyàn. Irú àwọn tí Pọ́ọ̀lù bá wí ní Kọ́ríńtì ni wá, níbi tí ebi ti ń pa ẹnì kan nídìí oúnjẹ Olúwa tí ẹnì kejì sì ti yó bìnàkò. Síbẹ̀, Pọ́ọ̀lù kò ní kí wọ́n túká. Ó ní kí wọ́n máa dúró de ara wọn.

O ó rántí ìtàn Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn ńlá ń pa ènìyàn, tí wọ́n sì ti ilé ìsìn pa. Àwọn díẹ̀ nínú ìjọ St. Saviour, tí Joseph Ṣàdáre àti ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ kan, Sophia Ọdúnlámì, wà lára wọn, kò jẹ́ kí ìpàdé wọn tú. Wọ́n ń kóra jọ gbàdúrà, ibẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ti yọ, gbòǹgbò Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi (CAC) sì wà níbẹ̀. N kò fara mọ́ bí wọ́n ṣe kọ oògùn sílẹ̀ pátápátá, ìwọ náà sì mọ̀ mí lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tí mo ń wò ni pé nígbà tí ilé ìsìn wà ní títì, wọ́n ṣì mọ ara wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ Yorùbá tí ó lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe dá ìjọ Aládùúrà sílẹ̀ níbẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1969, tí wọ́n ń yá gbọ̀ngàn lò. Ènìyàn ni aṣọ wọn nínú òtútù yẹn.

Nítorí náà, mo ní ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ sí. Padà sí ìjọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà nítòsí yín. Má sáré jáde bí wọ́n bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán. Dúró mu tíì pẹ̀lú wọn lẹ́yìn ìsìn, kí o sì béèrè bóyá wọ́n ní ìpàdé kékeré nínú ilé láàárín ọ̀sẹ̀, nítorí èyí yóò bá iṣẹ́ òru rẹ mu ju òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi lọ. O kọ ọ́ sí mi pé arúgbó ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ìwọ tí ó jẹ́ pé ìtọ́jú àgbàlagbà ni o fi ń jẹun, ta ni ó tún lè wúlò fún wọn tó ọ? Gbogbo ohun tí o kọ sínú lẹ́tà rẹ dá lórí ohun tí ìjọ kò fún ọ, o kò sì mẹ́nu kan ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ tí àwọn náà kò rí gbà. Ojú kò lè wí fún ọwọ́ pé òun kò fi í ṣe ohunkóhun, ọwọ́ pẹ̀lú kò gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún ojú. Bí ara wọn kò bá sì yá lóòótọ́ lẹ́yìn tí o bá ti fún wọn ní àkókò, wá ìjọ àwọn ará wa mìíràn, kékeré ni kí o wá, níbi tí wọn yóò ti mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ. Àwọn ọmọ náà ni mo tún ń rò. Bí wọ́n bá dàgbà láìrí àgbàlagbà kan tí kì í ṣe òbí wọn tí ó ń gbàdúrà fún wọn lójúkojú, n kò mọ ohun tí wọn yóò fi ìjọ pè.

Owó tí o ń fi ránṣẹ́ ń dé, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó lè wọ ilé rẹ ní alẹ́ ọjọ́ tí ara rẹ kò bá yá.

Pọ́ọ̀lù fi Fébè, ìránṣẹ́ ìjọ Kẹnkíríà, lé àwọn ará Róòmù lọ́wọ́ nínú lẹ́tà, kí wọ́n lè gbà á nínú Olúwa. Mo ti bá àlùfáà wa sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti gbà láti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ìwọ àti ìdílé rẹ sí ìjọ tí ẹ bá yàn. Fi orúkọ ìjọ náà àti ti àlùfáà wọn ránṣẹ́ sí mi bí ẹ bá ti pinnu, kí n lè mú un lọ fún wọn.

Èmi ni,
ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.