Ẹ́ńjìnnì tí ń ṣíná tí kì í dúró

Òkè-Àdó, Ìbàdàn,
14 Oṣù Kẹfà, 2024.

Adéwálé ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ o, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Gbogbo ilé wa ní kí n bá àwọn kí ọ ní Houston lọ́hùn-ún. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, o ní ohun tí mẹkáníìkì bá sọ fún mi nípa ọkọ̀ mi tó ń ṣíná tó sì ń kú lójú ẹsẹ̀ ni mo máa ń tún sọ fún ọ, kì í ṣe ohun tí mo fi ojú ara mi rí, o sì ní kí n jókòó kí n kọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí díẹ̀ nítorí pé òótọ́ ni. Mo ti wá rí i pẹ̀lú ojú ara mi báyìí, mo sì fi ìka ara mi kàn án.

O mọ ọkọ̀ náà dáadáa, Camry 2003 tí a ń pè ní Big Daddy, ẹ́ńjìnnì oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin tí orúkọ irú rẹ̀ ń jẹ́ 2AZ-FE. Àìsàn tí o ti kìlọ̀ rẹ̀ fún mi tipẹ́ ló pa ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́: àwọn bóòtù tó de tọ́ọ̀pù (orí ẹ́ńjìnnì) mọ́ bulọ́ọ̀kù (ara rẹ̀ nísàlẹ̀), pàápàá àwọn ti ẹ̀yìn tó wà níhà ibi tí èéfín ń gbà jáde, ti jẹ eyín tó ń di bóòtù mú nínú ihò wọn, tọ́ọ̀pù sì yẹ̀ díẹ̀ kúrò lórí bulọ́ọ̀kù, tí omi ń jò níbẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí tí ọkọ̀ fi gbóná kọjá ààlà. Mo ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ irú rẹ̀ gan-an ní ọjà Araromi ní Gate, mẹkáníìkì sì gbé e wọlé láàárín ọjọ́ méjì.

Ọjọ́ kẹta ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì á ṣíná lẹ́ẹ̀kan náà, abẹ́rẹ́ tí ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì á sáré dé bíi 1,500, ṣùgbọ́n kí n tó ka ení, èjì, ẹ̀ta tán, ó ti kú. Bí mo bá tẹ tọ́tù láti fi gbà á là, ńṣe ni ó tún ń yá a láti kú.

Ọ̀gá rewáyà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, kò mọ ẹ́ńjìnnì tuntun yìí, nítorí náà ó ń pa á. Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́ létí ẹni tí kò mọ̀, mo sì lọ ra brain box mìíràn. Nígbà tí a fi òun síbẹ̀, ọkọ̀ kò tilẹ̀ ṣíná rárá. Ìwọ lo wá là mí lójú pé kọ́kọ́rọ́ ni brain box máa ń dá mọ̀, kì í ṣe bulọ́ọ̀kù, àti pé níwọ̀n ìgbà tí iná pupa kékeré tí ń ṣọ́ kọ́kọ́rọ́ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù bá ti ń kú bí a bá ti ki kọ́kọ́rọ́ bọlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan brain box àtijọ́. A dá a padà síbẹ̀. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì wà nínú yàrá mi, ẹni tó tà á kò sì gbà á padà mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ní pọ́ǹpù epo ni. Mo tún ra pọ́ǹpù. Ìgbà tí pọ́ǹpù tuntun kò yí nǹkan kan padà ni ẹnì kan tó rántí pé géèjì tí ń wọn agbára epo wà láyé, tó fi gbé e síbẹ̀: 47 psi, nígbà tí ó yẹ kí ó wà láàárín 44 sí 50, kò sì já wálẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú. Inú bí mi. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ brain box wò kò rí kóòdù kankan tó ń sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì kì í pẹ́ tó láyé kí ó tó lè sọ ẹjọ́ rẹ̀.

Wáyà tí o ní kí n yọ ló ṣí gbogbo rẹ̀. Mo yọ ọ́ lára sensọ̀ tí ń wọn afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí fílítà, mo ṣíná, ẹ́ńjìnnì sì dúró! Ó ń gbọ̀n, ó ń hú, ṣùgbọ́n kò kú. Mo ní kí mẹkáníìkì wá wò ó, ó ní kí n jẹ́ kí ó máa rìn bẹ́ẹ̀. Mo ní rárá. Bí o ṣe là á yé mi ni mo ṣe là á yé òun náà: nígbà tí kíkì-státà ń yí ẹ́ńjìnnì, brain box ń bu epo sí i gẹ́gẹ́ bí omi inú rẹ̀ bá ṣe tutù tó, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ṣíná tán, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí sensọ̀ bá sọ fún un ni ó ń tẹ̀lé, tí ó fi jẹ́ pé bí afẹ́fẹ́ mìíràn bá ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé láìkọjá lọ́dọ̀ sensọ̀, epo kékeré ni yóò máa bù sí afẹ́fẹ́ púpọ̀, iná á sì kú.

Ibo wá ni ẹ̀yìnkùlé yẹn? O béèrè lọ́wọ́ mi bóyá búrẹ́èkì le, nítorí pé ìfàmọ́ra ẹ́ńjìnnì, tí rọ́bà kan ń gbé lọ sí ìgbá búrẹ́èkì, ni ó ń mú un rọ̀. Ó le, Adéwálé, bí ẹni tẹ òkúta ni, láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mẹkáníìkì ti sọ fún mi pé ẹ́ńjìnnì tí kì í dúró kò lè rọ búrẹ́èkì, mo sì gbà bẹ́ẹ̀.

Mo tẹ̀lé rọ́bà tó ti ara ìgbá búrẹ́èkì wá sí manifold, ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, níwájú. Lójú, kò sí ohun tó ṣe é. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ níbi tí okùn wáyà gbà kọjá, nǹkan kan sì fa ìka mi mú. Ọmọ iṣẹ́ ti fa rọ́bà àtijọ́ já nígbà tí wọ́n ń yọ ẹ́ńjìnnì. Ó gé ibi tó já, ó kúrú, ó sì fi ègé rọ́bà omi so ó pọ̀, èyí tó rọ̀ tí kò lè gba ìfàmọ́ra. Ó ti là nísàlẹ̀, bíi gígùn ìka àárín mi. Mo dá wáyà sensọ̀ padà, mo ní kí wọ́n ṣíná, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ibi tó là. Ẹ́ńjìnnì dúró. Mo ṣí ọwọ́, ó kú. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí pé mo fẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ náà rí i. N kò bá a wí púpọ̀. Ó fẹ́ parí iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú ni.

Rọ́bà tuntun àti kílíìpù méjì ló parí rẹ̀. Slow rẹ̀, ìyẹn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí nígbà tí a kò tẹ tọ́tù, wà ní nǹkan bíi 700 báyìí, búrẹ́èkì ti rọ̀, mo sì ti fi ọkọ̀ náà dé Ògbómọ̀ṣọ́ lọ-bọ̀ láìwo abẹ́rẹ́ ooru.

Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ṣì wà lábẹ́ igi máńgòrò, mo fi tàpólì bò ó. O sọ nígbà kan pé ẹ ní irinṣẹ́ lọ́hùn-ún tí ẹ fi ń gbẹ́ ihò bóòtù 11 mílímítà yẹn, tí ẹ sì ń fi eyín irin tuntun sínú rẹ̀. Jọ̀wọ́, bá mi béèrè iye rẹ̀, kí o sì sọ fún mi bóyá ẹni tí ń bọ̀ wálé ní Oṣù Kejìlá lè gbé e sínú ẹrù.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Káyọ̀dé